Ọwọ́ Òsì Tí Mo Kọ Òdo Fún

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Cocody, ní ìlú Abidjan, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ilẹ̀ náà gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá. Mo fi rúlà fa ìlà sínú ìwé mi, mo sì to àwọn onímọ̀ náà sínú rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́: ará Rọ́ṣíà tó kíyè sí i pé itọ́ ajá a máa dà kí oúnjẹ tó dé; àwọn ará Amẹ́ríkà tó ní ìwà tí ojú rí nìkan ni ká máa wọ̀n; ará Faransé tó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò òye fún ọmọdé; àti ará Switzerland tó máa ń bi ọmọ tó ṣì í pé, "Kí ló dé tí o fi rò bẹ́ẹ̀?" Gbogbo wọn ni mo mọ̀ lórí. Mo rò pé mo ti mọ ọmọdé nìyẹn.

Olùkọ́ wa, òyìnbó Faransé kan, mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Adjamé, àdúgbò mìíràn nínú ìlú náà. Àyè kò tó ní kíláàsì àkọ́kọ́ níbẹ̀; ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò òye, ilé ló ń padà sí. Èmi ni mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ Faransé, èmi náà ni mo sì ń kọ máàkì sílẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wọlé, ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, ìyá rẹ̀ sì ń ta abọ́ tánganran lọ́jà. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Òyìnbó wo aago. Ọmọ náà mọ àwọ̀, ó mọ iye ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ mi nawọ́, ó ní kó fi ọwọ́ òsì gbé ègé igi pupa kan fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà wò mí, ó fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn, ó sì fi ọ̀tún gbé e fún un, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ díẹ̀.

"Òsì ni mo wí," ni olùkọ́ mi sọ.

Mo tún un sọ. Omi lé ròrò lójú ọmọ. Láti ìgbà náà, kò dáhùn ìbéèrè kankan mọ́.

"Kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kọ òdo."

Nínú ilé Yorùbá, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ti mọ̀ pé a kì í fi òsì na nǹkan sí àgbà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù olùkọ́ mi ń bà mí. Mo kọ òdo, mo sì fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn ọmọ tó wọlé mọ́ ògiri, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá rẹ̀ dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mètírẹ́ẹ̀sì!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe olùkọ́ obìnrin níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí èébú ló ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ lo ní òpè ni ọmọ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìdánwò náà ni..."

"Ìdánwò wo?" Ó ti ọmọ náà síwájú. "Sọ ohun tó ní kí o ṣe."

Ọmọ náà dorí kodò. "Wọ́n ní kí n fi òsì fún bàbá òyìnbó ní nǹkan. Mo rò pé wọ́n fẹ́ wò ó bóyá mo lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Àwọn tó ń jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan na ọwọ́ òsì sí mi. "Ọ̀mọ̀wé, ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́!"

"Ìyá tó bí ẹ ńkọ́?" ni obìnrin náà wí. "Ṣé òsì lo fi ń gbé omi fún un? Nítorí kí òyìnbó lè yìn ẹ́, o jókòó, o ń wo ọmọ mi bó ṣe ń sunkún."

Òótọ́ ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá olùkọ́ mi ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo ṣàlàyé ìdí tí ọmọ náà fi fi òsì pamọ́ tó sì kúnlẹ̀.

"Ìdánwò kò ka ìkúnlẹ̀ sí," ló wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú ìdánwò yìí ń wá. Kò wá ẹni tí yóò lé. Ẹ tún kọ́ wa pé kí a bi ọmọ ní ìdí. A kò bi í."

"Ìwọ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Ìwọ lo túmọ̀, ìwọ lo kọ òdo. Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Ó fi ìkanra pa ìwé iwájú rẹ̀ dé. "A ó tún dán an wò, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá tún fìdí rẹmi, má ṣe bá mi sọ ọ́ mọ́."

Nígbà kejì, mo gbé abọ́ kan sórí tábìlì. "A kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan lónìí," ni mo sọ fún ọmọ náà. "Fi òsì gbé igi náà sínú abọ́." Ó ti gbé e síbẹ̀ kí n tó pa ẹnu dé. Ó dáhùn èyí tó kù láìkọsẹ̀. Olùkọ́ mi gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ máàkì, wọ́n sì fi orúkọ ọmọ náà kún ìsàlẹ̀ ìwé ara ògiri. Títí a fi parí ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ mi kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́ ní kíláàsì.

Mo sáré gbé ìròyìn náà lọ sọ́jà. Ìyá ọmọ kò dáwọ́ abọ́ tó ń tò dúró.

"Ṣé kí n wá dúpẹ́ ni? Ohun tí o fọ́ náà lo tún ṣe."

Títí mo fi kúrò ní Abidjan, mímì orí nìkan ló fi ń dáhùn kíkí mi.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka èyí, ìwé àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn dára, ẹ kà wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ òdo fún ọmọ, ẹ bi í ní ìdí. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti mọ ìdí náà, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.