Ìpín Ìyá Mi Nínú Ọkọ̀ Tí A Kò Rí

Láti kékeré ni ìyá mi ti máa ń sọ pé ìbéèrè ló máa pa mí. Bí wọ́n bá gbé ẹja délẹ̀, mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti wá, ẹni tó pa á, àti ìdí tí kò fi tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lù mí títí, n kò jáwọ́. Àwọn àgbà náà ló kúkú sọ pé olùbéèrè kì í ṣìnà. Torí náà, nígbà tí ìyá mi ní òun ti fi owó gbà-má-bínú ra ìpín nínú ilé ìfowópamọ́ kan, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Epo rọ̀bì ló bí owó yẹn. Páìpù àwọn tó ń wa epo lójú òkun ló bẹ́, epo dà sínú omi wa, àwọ̀n dúdú kirikiri, ẹja sá lọ. Ẹjọ́ náà pẹ́ kó tó parí. Nígbà tí owó wá dé, àwọn kan fi ra ẹ̀rọ ọkọ̀, àwọn kan fi gbéyàwó kejì. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe, ìyẹn ni ilé. Ilé wa ní Ayétòrò kọjú sí òkun, òkun sì ń bọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ro wá ká tó rìn dé etí omi. Nígbà tí mò ń sọ yìí, bí ìjì bá jà, omi ń wọ ilé ìdáná wa. Ilé àwọn tó wà níwájú wa ti bá omi lọ. Ìyá mi fẹ́ fi pákó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí ẹ̀yìn ìlú kí òkun tó kàn wá, ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó.

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ilé ìfowópamọ́ ń polówó ìpín kiri. Rédíò kò sọ nǹkan mìíràn. Àwọn tó ń ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ wa lọ́jà Igbókòdá pàápàá, ọ̀rọ̀ ṣíà ló kún ẹnu wọn. Lágbájá ra ṣíà, ó ti fi kọ́lé, ó ti fi ra mọ́tò. Ìyá mi gbọ́, ó mi orí, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun, ó lọ rà á. Mo ní kí ni ṣíà gan-an. Ó wò mí bíi pé mo bi í pé kí ni omi.

"Ìpín ni," ó ní. "Ìwọ tó o jẹ ìpín dàgbà."

Òótọ́ ló sọ. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sójú òkun kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan. Ẹnì kan lè ni ọkọ̀, ẹlòmíràn lè ni àwọ̀n, àwọn mìíràn sì lè dáwó ra ẹ̀rọ. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, wọ́n á yọ owó epo, wọ́n á wá pín ẹja: ti ọkọ̀, ti àwọ̀n, ti ẹ̀rọ, àti ti àwọn tó lọ sójú omi. Ìyá mi wà lára àwọn tó ni ẹ̀rọ ọkọ̀ kan. Kò wọ ọkọ̀ náà rí, ṣùgbọ́n ẹja tirẹ̀ ń dé ilé. Ìlú tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà pàápàá, ohun gbogbo ni wọ́n jọ ń ní níbẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo Ayétòrò ti ń náwó, kò sẹ́ni tó ń sọ pé tèmi nìyí. Ta ló fẹ́ kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìpín?

Mo gbà fún un, àfi pé ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Lójoojúmọ́ ni rédíò ń ka iye tí ìpín kọ̀ọ̀kan ń lọ. Tiwa ń gòkè, ìyá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi rò pé owó tó ń gòkè yẹn, wọ́n ń kó o pamọ́ fún wa níbì kan ni. Nígbà tí mo gbé ẹja lọ sí Àkúrẹ́, mo yà sí ọ́fíìsì alágbàtà tó bá wa ra ìpín náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó so táì tó gùn dé ìsàlẹ̀ ìgbànú. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan wá bi òun ní ìbéèrè. Ó ní àwọn tó ń wá, owó nìkan ni wọ́n ń béèrè.

Ó ní owó tí rédíò ń kà kì í ṣe owó tó wà nílẹ̀. Iye tí ẹnì kan ṣe tán láti san lónìí bí a bá fẹ́ ta tiwa ni. Èrè orí ìpín yàtọ̀ sí i. Bí ilé iṣẹ́ náà bá jèrè, tí àwọn olùdarí rẹ̀ sì fẹ́ pín in, ìgbà yẹn ni wọ́n á fi tiwa ránṣẹ́. Ó lè wá, ó lè má wá. Mo ronú sí i, ojú mi là. Ẹ̀rọ ọkọ̀ lè wọ́n lọ́jà kí ọkọ̀ náà má sì pa ẹja kankan wálé. Mo bi í pé kí ló máa ń gbé iye náà sókè. Ó ní bí àwọn tó fẹ́ rà bá pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ tà ni. Ó ní tí ọjà bá ń lọ sókè, akọ màlúù ni wọ́n ń pè é, torí ìwo rẹ̀ ló fi ń gbé nǹkan sókè. Tí ó bá ń lọ sílẹ̀, béárì ni. Mo ní kí ni béárì. Ó ní ẹranko kan ni, ìlú òtútù ló wà, èékánná ló fi ń gbá nǹkan mọ́lẹ̀. Mo ní kí ló wá dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni béárì ọ̀hún dé. Ohun tí rédíò ń kà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀, ó wá di pé àwọn oníbàárà wa ní Igbókòdá kò dárúkọ ṣíà mọ́. Alágbàtà náà pè mí lórí fóònù. Ó ní bí ìyá mi bá fẹ́ fi owó yẹn kọ́lé, kó tà báyìí, kó má dúró. Mo sáré lọ bá ìyá mi nídìí ẹja tó ń yan. Mo rò pé ó máa dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń rò. Ní etíkun wa, bí ọkọ̀ bá ń jò, wọ́n á wọ́ ọ sórí iyanrìn, wọ́n á pe gbogbo àwọn tó ni ín, kálukú á dáwó, wọ́n á dí i. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yọ ọwọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún àwọn yòókù, bóyá wọ́n á fẹ́ ra tirẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ ta ìpín ọkọ̀ tó ń jò fún àlejò, ó ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bá a da nǹkan pọ̀ mọ́ láti etíkun wa títí dé ìlú Abereke. Ìyá mi ní òun ò ní sá fún àwọn tí àwọn jọ ni ín. Ó tún ti ya owó ẹja sọ́tọ̀, ó ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa pe òun wá dáwó.

Inú bí mi, n kò ní purọ́. Omi ti jẹ òpó méjì nínú ilé ìdáná, òun ń retí ìpè! Mo pe alágbàtà, mo bi í bóyá wọ́n lè pè wá wá dáwó. Ó ní rárá, ohun tí a fi síbẹ̀ nìkan ló lè sọnù. Bí ilé iṣẹ́ náà bá jẹ gbèsè kún ọrùn, kò sẹ́ni tó máa tẹ̀lé wa wá sílé. Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ lèyí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní irú ọkọ̀ wo ló ń jò tí wọn kì í pe àwọn tó ni ín.

Èmi ni mo wá sọ fún un, láìronú, pé wọ́n máa ń ṣe ìpàdé lọ́dọọdún ní Èkó, gbogbo onípìn-ín ló sì láǹfààní láti lọ. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, ṣé o rí i, wọ́n ń rí ara wọn! Ó di ẹja yíyan sínú agbọ̀n láti fi kí àwọn tí wọ́n jọ ni ín. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa dé Igbókòdá, a wọ mọ́tò lọ sí Èkó.

Gbọ̀ngàn ìpàdé náà tutù bíi yàrá yìnyín, èrò pọ̀ bí eṣú. Àwọn olùdarí jókòó sórí pèpéle, wọ́n ń ka nǹkan lọ, àwọn èèyàn ń pariwo pé "a gbà!" kí wọ́n tó kà á tán. Ọ̀pọ̀ ojú wà lára àpò ìrẹsì àti agboòrùn tí wọ́n fẹ́ pín lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi yíjú sí obìnrin tó jókòó tì í, ó fún un ní ẹja, ó bi í bóyá òun náà ń retí kí wọ́n pè é wá dáwó. Obìnrin náà dúpẹ́ ẹja. Ó ní òun ti ta púpọ̀ nínú tòun nígbà tó ṣì wọ́n, díẹ̀ tó kù lòun fi ń wá gba ìrẹsì.

"Ẹ ò sì sọ fún wa?" ni ìyá mi wí.

Obìnrin náà wò ó, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. "Ta ni kí n sọ fún, màmá? N ò mọ̀ yín."

Ìyá mi gbé agbọ̀n ẹja tó kù lé itan títí a fi padà dé Igbókòdá. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò rí ìbéèrè kankan bi í, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ibẹ̀ ló ti ní ká lọ sí Àkúrẹ́, òun fẹ́ tà á. Kó tó tẹ ìka rẹ̀ sórí ìwé, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí alágbàtà bá òun sọ fún ẹni tó ń rà á pé ọkọ̀ náà ń jò o, kó má baà sọ pé wọ́n tan òun jẹ. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní kó fọkàn balẹ̀, iye tí ẹni náà fẹ́ san ti fi hàn pé ó mọ̀. Ìyá mi tẹ̀ka, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí.

Owó tó bọ́ sí wa lọ́wọ́ kọ́ yàrá kan àti ilé ìdáná sẹ́yìn ìlú. A kó lọ síbẹ̀ kí ìjì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjì náà parí, ilé wa àtijọ́ kò sí mọ́, omi ló wà níbẹ̀. Ìyá mi kò sunkún ilé. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni ẹni tó ra ìpín náà. Kì í sùn dáadáa, lọ́sàn-án lóru. Ó ń bi mí bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá ó lọ́mọ. Ó ti wá di òun ló ń bi mí ní ìbéèrè, èmi ni n kò ní èsì. Ó ní bí onítọ̀hún bá rì, ọwọ́ òun ló rì sí.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, rédíò dárúkọ ilé ìfowópamọ́ náà, ó ní ìpín rẹ̀ ti tún gòkè gan-an. Mo ṣírò rẹ̀ lórí. Ìbá kọ́ yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ṣépè fún béárì àti màlúù àti gbogbo ẹran tó wà lọ́jà yẹn.

Ìyá mi gbé àwo púpurú tó ń jẹ kalẹ̀. Ó ní, "Ó ti gòkè? Ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi ńkọ́, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó ní bó bá ṣì wà níbẹ̀, á jẹ́ pé kò rì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fọwọ́, ó wọ inú yàrá rẹ̀ kan ṣoṣo lọ, ó sì sùn títí ilẹ̀ fi ṣú.