Ibi Tó Bá Ṣófo

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Èmi àti ọmọ mi Bùsọ́lá nìkan la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìsìkàn, l'Ákùúrẹ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Fèrè bá dún láti pápá ilé-ìwé.

"Dádì, wọ́n ti rí kóòṣì mìíràn nìyẹn."

Fèrè náà gùn jù. Ti Wálé, ọ̀rẹ́ mi, máa ń kúrú, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Oǹdó ni wọ́n ti bí i. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló mú un wá sí àdúgbò wa. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kí n tó wọ kíláàsì kìíní, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó tíṣà. "Bàbá Kíláàsì" làwọn ọmọ ń pè mí. Wálé wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Gíga, wá dúró sójú ilé." Bí mo ṣe di gólì nìyẹn.

Òun kò ní ipò kan. Bí ẹni ẹ̀yìn bá bá bàbá rẹ̀ lọ sóko n'Íjàrè, Wálé á gbá ẹ̀yìn. Bí ibà bá dá ẹni ọwọ́ òsì dúró, ọwọ́ òsì lẹ máa bá a. "Ibi tó bá ṣófo ni tèmi," ló máa ń wí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé iwájú ló wù ú.

Ní àárọ̀ Sátidé, eérú ìdí ààrò tí ìyá mi fi ń yan gàrí la fi ń fa ìlà pápá. Èmi á na okùn, òun á di orí kejì mú, á sì máa gbọn eérú látinú agolo tí a lu. Tí a bá délé pẹ̀lú eérú funfun lára, ìyá mi á ní, "Ẹ̀yin òkú yìí, ẹ lọ wẹ̀!"

Nígbà tí a dàgbà, a jọ gbá fún ẹgbẹ́ kan l'Óǹdó. Àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Ẹni iwájú kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. Ìyá Wálé wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wá wòran. Wálé ti gbá ọ̀kan wọlé nígbà tí ìka mi ṣẹ́ lára òpó. A kò ní gólì mìíràn. Wálé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi.

"Wálé, orí ẹ ò pé ni? Dúró síwájú!" Ìyá rẹ̀ ni.

Wálé wọ ojú ilé. Bọ́ọ̀lù kankan kò kọjá lára rẹ̀. A borí, wọ́n sì mú ẹni iwájú ẹgbẹ́ kejì. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀ l'Ákùúrẹ́, ó gbé ọwọ́ mi lé itan rẹ̀ kí gbágungbàgun ọ̀nà má baà dùn mí. Àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù náà kò tún wá mọ́.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ bàjẹ́, ó di kóòṣì àwọn ọmọ Ìsìkàn. Ó kọ́ gbogbo wọn ní gbogbo ipò. Eérú ilé búrẹ́dì ló fi ń fa ìlà. Lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó mi, nígbà tí èrò tú ká, ó wá jókòó sórí àga obìnrin náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń wá lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó tinú pápá wọlé, ó ní ó rẹ òun. Kò jí mọ́. Oǹdó la sin ín sí.

Wọ́n ti mọ ògiri yí pápá náà ká. Àwọn ọmọ ń wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ lásán làwa fi gbá tiwa. Ariwo wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Àmọ́ pápá náà kò ní ìlà, àga náà sì ṣófo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo gbọ́ fèrè náà, mo tọrọ eérú ní ilé búrẹ́dì. Mo so okùn mọ́ òpó ojú ilé ní pápá náà, mo sì ń gbọn agolo. Kò sẹ́ni tó di orí kejì mú. Ìlà náà wọ́.