Apá Ọ̀tún Mọ́tò Aláwọ̀ Aró

Òórùn àdí àgbọn ló kọ́kọ́ pàdé mi ní àgbàlá yẹn ní Ajara, ní Badagry. Ẹnì kan ń se é ní ilé kejì. Òórùn náà dùn, ó sì wúwo, ó wá dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń fẹ́ wá láti ọ̀nà òkun, débi pé nígbà tí mo fi ahọ́n lá ètè mi, ó ṣe mí bí ẹni tó ti jẹun. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn àgbọn lórí iná, mọ́tò ni mo máa ń rántí. Ó lè pa ọ́ lẹ́rìn-ín, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, mo sì ti pẹ́ ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí yunifásítì ní Ọ̀jọ́. Ìwọ náà mọ irú ayé tí àwa tí a ti Èkìtì wá síbẹ̀ ń gbé: ilé, ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń fẹ́ mọ́tò sípọ́ọ̀tì, èyí tó ní ilẹ̀kùn méjì péré, tó lọ sílẹ̀ bí ẹran tó lúgọ tó fẹ́ fò. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ṣì ń fẹ́ ẹ, torí ojú ń tì mí. Àgbà ọkùnrin tó ní ọmọ mẹ́ta, kí ló fẹ́ fi mọ́tò onílẹ̀kùn méjì ṣe? Àfi ìgbà tí mẹkáníìkì mi sọ fún mi pé bàbá kan ní àdúgbò àwọn fẹ́ ta ọ̀kan, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á ní tòkunbọ̀, bàbá náà nìkan ló ń wà á. Ara mi ò balẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ Sátidé fi pé.

Ọmọ Ègùn ni mẹkáníìkì mi, Ajara gan-an ni wọ́n ti bí i. Ọjọ́ orí wa sún mọ́ra, a sì ti di ọ̀rẹ́ nítorí mọ́tò mi àtijọ́ tí kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń yẹ mọ́tò wò. Ó ti kìlọ̀ fún mi lójú ọ̀nà: "Tí a bá débẹ̀, má yìn ín, má bú u. Dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ."

Bàbá tó ni mọ́tò ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Orí àga ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, nígbà tí a wọlé. Ọmọ wọn obìnrin dúró ní ọwọ́ ọ̀tún wọn. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹkáníìkì sì ti sọ fún mi pé ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, pé ìyẹn ló jẹ́ kó kó padà wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó gbé omi fún èmi àti mẹkáníìkì, ó wá na ife kan sí bàbá rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bàbá ò gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, Bàbá ń bá ìwé ìròyìn wọn lọ, ó wá gbé ife náà kalẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe fà ro. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìjà wà nínú ilé yìí.

Abẹ́ àtíbàbà onípáànù ni mọ́tò náà wà, aṣọ tí wọ́n dìídì rán fún un ló bò ó. Bàbá ló ká aṣọ náà fúnra wọn, díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń ṣí ìbora lójú ọmọ tó ń sùn. Aláwọ̀ aró ni, ó dúdú débi pé ewé àgbọn tó wà lókè ń hàn lára rẹ̀. Mo gbàgbé ohun gbogbo tí mẹkáníìkì sọ. Mo ní, "Ó mà dára o, Bàbá." Mẹkáníìkì ṣíjú wò mí, mo panu mọ́.

Bí a ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ wọn gbẹ́nu lé e. "Ẹ̀gbọ́n, kí n má purọ́ fún yín. Mọ́tò yìí ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Tí òjò bá rọ̀, kì í ṣíná. Bíréèkì ẹ̀ náà máa ń fà sápá kan." Bàbá ò jiyàn, wọn ò sì gbè é. Mẹkáníìkì wọ inú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kan tó wá láti ìsàlẹ̀ ikùn. Ó fi í lọ síwájú, ó tẹ bíréèkì, ó fi í padà sẹ́yìn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò dúró gbọnrangandan, kò fà síbì kankan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo obìnrin náà.

Nígbà tí Bàbá wọlé lọ mú ìwé mọ́tò, obìnrin náà sún mọ́ mi. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ìgbà tí mo kó wọlé yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn fẹ́ tà á. Tí mo bá bi wọ́n ní ìdí, wọ́n á ní àgbà ti dé. Mo mọ̀ pé nítorí bùkátà mi ni, bóyá inú wọn ò tiẹ̀ dùn pé mo padà wá. Mi ò ní kí wọ́n ta nǹkan kan nítorí mi. Nǹkan kan ṣoṣo tó ń mú inú wọn dùn nìyẹn." Mo kàn ń wo mọ́tò náà, torí kí n sòótọ́ fún ọ, mo ṣì ń fẹ́ ẹ.

Mẹkáníìkì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ òkun kì í dá irin sí ní Badagry, nítorí náà ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ibi tó ti dógùn-ún lábẹ́ mọ́tò. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó rẹ imú sílẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ bóyá omi ti wọ ibẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ó mú òòfà kékeré kan tó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé jáde nínú àpò. Ó fi í lé ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi í lé òrùlé, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó yí lọ sí apá ọ̀tún níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó fi í síbẹ̀, òòfà já bọ́. Ó mú un nílẹ̀, ó tún fi í síbẹ̀, ó tún já bọ́. Bàbá ti jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, àmọ́ wọn ò rìn mọ́. Ó dá mi lójú pé wọ́n gbọ́ ìró tí òòfà yẹn ń dún lórí sìmẹ́ńtì.

"Bàbá," mẹkáníìkì ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "wọ́n ti fi nǹkan dí ibí. Kì í ṣe irin ló wà lábẹ́ ọ̀dà yìí. Kò sì tíì pẹ́."

Ọmọ wọn sáré wá wo ibẹ̀. Ìyàlẹ́nu tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹlẹ́tàn. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bàbá na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wà á lọ wò," wọ́n ní, "èmi pẹ̀lú ẹ nìkan."

Inú ti ń bí mi nígbà tí a bọ́ sí ọ̀nà Seme. Mo ń rò ó pé wọ́n ti fẹ́ rẹ́ mi jẹ, pé wọ́n kun ojú ọgbẹ́ ní ọ̀dà kí n má bàa rí i. Ṣùgbọ́n mọ́tò náà kò jẹ́ kí ìbínú mi dúró síbì kan. Sítíárín rẹ̀ fúyẹ́, ó sì ń gbọ́ràn, àwọn igi àgbọn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, Bàbá sì tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ ohùn ọmọ wọn. "Jíà kẹta," wọ́n á ní. "Ó ti ń bẹ̀ ọ́." Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń jàre.

A ti sún mọ́ Gbaji nígbà tí ọ̀kadà kan ṣàdédé yọ láti ẹ̀gbẹ́ títì lọ́wọ́ ọ̀tún, ó kù díẹ̀ kó gbá ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ Bàbá. Mo tẹ bíréèkì, táyà han. Ọlọ́kadà náà juwọ́ bẹ̀bẹ̀, ó sá lọ. Bàbá yíjú sí mi, ojú wọn ṣófo.

"Kí ló dé?"

Ẹ̀gbẹ́ wọn níbẹ̀ ni ọ̀kadà náà ti kọjá, kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí ojú wọn. Mo wà á kúrò lójú títì, mo pa á. Mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan, kì í ṣe torí pé mo gbọ́n, ẹ̀rù ọ̀kadà yẹn ni kò tíì kúrò lára mi.

"Iwájú nìkan ni mo ń rí," wọ́n sọ nígbà tó yá. "Mo lè ka ìwé ìròyìn. Tí o bá dúró níwájú mi, màá rí ẹ. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ti ń ṣókùnkùn, ọ̀tún ló burú jù. Ó ti tó ọdún méjì. Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo kọlu ọmọlanke obìnrin kan tó ń ta àgbọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀ ni, ó lọ fún ẹnì kan ní ṣéńjì. Ìṣísẹ̀ méjì péré. Mo san owó ọjà rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ, mo gbé mọ́tò lọ tún ṣe níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí. Tí ilé bá pa rọ́rọ́, mo ṣì ń gbọ́ àwọn àgbọn yẹn tí wọ́n ń yí lọ lórí títì."

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún ọmọ yín?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ rẹ̀ ni. Ṣé kí n wá sọ fún un pé èmi náà ń fọ́ lójú?"

Mo ronú díẹ̀ kí n tó sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni. "Ó rò pé nítorí òun lẹ ṣe ń ta mọ́tò. Ó rò pé inú yín ò dùn pé òun padà wá."

Wọ́n yí orí sí mi pátápátá kí wọ́n lè rí mi. "Òun ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní òun ni. Wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n ń wo títì tó nà síwájú wa. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì kọjá, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ wa, ó sì dẹwọ́. "Yí padà," wọ́n ní. "Jẹ́ ká lọ sílé."

Obìnrin náà àti mẹkáníìkì ti ń dúró dè wá lẹ́nu géètì. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan di òrùlé mọ́tò mú, wọ́n bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ ní Ègùn. Mi ò gbọ́ Ègùn, mẹkáníìkì ò sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ṣe ló kọ ẹ̀yìn sí wa, tó ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yé mi. Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn, wọ́n ń mú un bọ̀ wá síwájú díẹ̀ díẹ̀, ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kí wọ́n tó mi orí pé àwọn ti ń rí i báyìí. Ọmọ wọn ń wo ọwọ́ yẹn ní gbogbo ìgbà tó fi ń rìn bọ̀. Lẹ́yìn náà, ó kúrò ní ọ̀tún bàbá rẹ̀ níbi tó dúró sí, ó wá sí iwájú wọn gan-an.

"Ife omi yẹn," ó ní, ní Yorùbá báyìí. "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi ni."

"Omi wo?" Bàbá bi í. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Èmi àti mẹkáníìkì lọ dúró lábẹ́ igi àgbọn títí wọ́n fi pè wá.

Èmi ni mo ra mọ́tò náà. Ọmọ wọn ló kó ìwé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má bínú sí irọ́ tí òun pa nípa epo àti bíréèkì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ojú, ó sì pè mí láti sọ ohun tí dókítà wí: èyí tó ti lọ kò ní padà, àmọ́ bí wọ́n bá ń kán oògùn sí i lójoojúmọ́, èyí tó kù lè dúró.

Mo ti ronú lórí ọjọ́ yẹn gan-an. Mo lọ síbẹ̀ láti yọ àbùkù ọjà síta kí ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́ mi jẹ, mo sì rí àbùkù náà lóòótọ́. Ohun tí mi ò retí ni pé ẹni tó fi í pa mọ́ ti ń wá ẹni tó máa bá a rí i, pé bí mo bá ti pariwo lé wọn lórí ní ọ̀nà Gbaji, wọn ì bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá mi ní Èkìtì kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́. Tí mo bá pè, wọ́n á ní kí àbúrò mi bá mi sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé ní ó ní láti jẹ́ pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Tó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, èmi náà ì bá bínú padà. Mo wọ mọ́tò lọ sílé, mo jókòó tì wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, mo ń bá wọn ṣẹ́ ẹ, mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó sọ ọ́, láìgbójú sókè: etí àwọn ti ń di, ariwo lásán ni àwọn ń gbọ́ lórí fóònù, ojú sì ń ti àwọn láti máa ní kí n tún un sọ. Mo fa àpótí mi sún mọ́ wọn, mo gbẹ́nu sún mọ́ etí wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn gbogbo ohun tí wọn ò gbọ́ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn fún wọn.