Alágbàfọ̀ Tó Fọ Adágún Ẹja

Bí aṣọ bá dọ̀tí débi pé ẹni tó ni ín ti fẹ́ sọ ọ́ di àkísà ìnulẹ̀, Bàbá Alágbàfọ̀ ni yóò gbé e lọ bá. Iwájú ilé rẹ̀ gan-an ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ó kọjú sí títì. Epo ọkọ̀ ni o, tàdáwà ni o, ìkankan kì í dẹ́rù bà á. Á gbé aṣọ sókè síbi iná, á máa fojú wá àbàwọ́n inú rẹ̀ bí ẹni ń wá olè, bó bá sì rí i, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti mú ẹ." Ẹni tó ń bá àbàwọ́n sọ̀rọ̀, ẹ má retí pé yóò gbà kí nǹkan kan dọ̀tí lójú òun.

Adágún ẹja tó wà lẹ́yìnkùlé kì í ṣe tirẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀ ni. Ìyá Ilé ló ń pe ìyàwó náà. Obìnrin yìí àti àbúrò rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ra ẹja pupa kéékèèké sínú rẹ̀, ẹja wíwò, kì í ṣe ẹja jíjẹ. Àwọn aládùúgbò ò yéé fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìgbà wo la máa yan ẹja yìí?" Ìyá Ilé á ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yan ọmọ tiwọn wá.

Àìsàn ló pa á. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ má jẹ́ kí omi ẹja mi bàjẹ́ o." Ọkọ ní òun ti gbọ́. Ohun tí wọ́n bára wọn sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Wọ́n sin ín, Bàbá Alágbàfọ̀ ò sunkún. Ó to àga fún àwọn tó wá kí i, ó kó àga náà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní ó lọ́kàn, àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le ju òkúta lọ. Irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Ó ń wá ìbànújẹ́ náà nínú ara rẹ̀ ni, kò rí i. Bí oníbàárà bá sọ pé, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù," á ní, "Ẹ ṣé," á sì béèrè bóyá wọ́n fẹ́ sítáàṣì. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò korò. Ó kàn ń jẹ ẹ́.

Adágún yẹn nìkan ló dá a lójú. Láràárọ̀, kó tó ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, á mú àwọ̀n, á kó ewé tó já sórí omi, á bu ìwọ̀nba oúnjẹ fún àwọn ẹja, á wo ìsàlẹ̀ omi bóyá ó ṣì mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹja Ìyá Ilé bá ń bẹ láàyè, ọ̀rọ̀ tó bá a sọ ò tíì bọ́ sílẹ̀.

Ìgbà tí oòrùn wá mú, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ewé, kò sì rí ìsàlẹ̀ mọ́. Ó ṣí dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, èyí tí pọ́ọ̀ǹpù ń fa omi gbà kọjá kó lè sẹ́ dáadáa kó tó ṣàn padà. Ohun tó rí nínú fóòmù àti òkúta inú rẹ̀ bà á lẹ́rù: ìdọ̀tí dúdú, tó ń yọ̀, tó ń rùn. Ojú tì í. Ṣé irú èyí ni omi Ìyá Ilé ń gbà kọjá látọjọ́ yìí?

Ó ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kó fóòmù lọ síbi táńkì ìfọṣọ, ó ṣí omi ẹ̀rọ sí i, ó gún un, ó fún un, ó ṣan án títí omi tó ń jáde fi mọ́ kedere. Ọṣẹ nìkan ni kò fi sí i, torí ó mọ̀ pé ọṣẹ kì í ṣọ̀rẹ́ ẹja. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sá wọn sóòrùn. Nígbà tó fi máa tò wọ́n padà, èèyàn lè fi fóòmù yẹn ṣe ìrọ̀rí ọmọ tuntun. Ó dúró wò ó. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Kò dùn, kò sì bàjẹ́.

Kò pẹ́ tí omi fi funfun, ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Àwọn ẹja wá sókè, wọ́n ń ya ẹnu. Ọkùnrin yìí bá tún kó fóòmù jáde, ó tún un fọ̀! Lọ́jọ́ kejì, ẹja kan léfòó, ikùn rẹ̀ kọjú sókè. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, kò mọ nǹkan kan lára. Ó pe àbúrò ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹja ẹ̀gbọ́n rẹ ń kú."

Àbúrò ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi ṣí dúrọ́ọ̀mù. Ó mú fóòmù, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ fọ èyí?"

"Mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Yéè! Nǹkan abẹ̀mí ló wà nínú ìdọ̀tí yẹn o. Wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn. Àwọn ni wọ́n ń sọ ìgbẹ́ ẹja di nǹkan tí ò lè pa ẹja. Ẹ ti fọ gbogbo wọn dà nù. Omi adágún gan-an ni Ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣan án, wẹ́rẹ́ báyìí, wọ́n á dá a padà."

"Kò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi wọ́n."

Ó dúró de ọ̀rọ̀ yẹn kó gún òun. Kò gún un.

Àbúrò lọ gé lára fóòmù adágún tirẹ̀, ó gbé e wá nínú garawa omi, pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó ki í bọ inú dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n jọ gbọ́n díẹ̀ nínú omi náà, wọ́n sì fi omi tó ti sùn mọ́jú nínú bàsíà ṣọ́ọ̀bù, tí kẹ́míkà omi ẹ̀rọ ti fò kúrò nínú rẹ̀, dípò rẹ̀.

"Ó ku kí ni?" Bàbá Alágbàfọ̀ béèrè.

"Ó ku kí ẹ fi í sílẹ̀."

"Kí n máa ha ògiri rẹ̀ ńkọ́?"

"Bùọ̀dá! Ẹ má ha, ẹ má fọ̀, ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Ẹ gbé àga, kẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n."

"Kí n jókòó kí n máa ṣe kí ni?"

"Kẹ́ ẹ jókòó ni mo wí."

Ó jókòó. Ẹ ò rí ìyà tó pọ̀ tó ìyẹn rí. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́, ó gbé e lé itan, ó gbé e lé ìka ẹsẹ̀. Láràárọ̀ ló ń jókòó, tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ á wá yẹ dúrọ́ọ̀mù wò, á mi orí, á bá a fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, á máa lọ. Ẹja méjì míì tún kú. Omi ò mọ́. Kò sí ohun tó lè ṣe sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ìsàlẹ̀ adágún. Omi náà ti tòrò. Àwọn ẹja tó kù wẹ̀ wá síbi tí òjìji rẹ̀ wà, ara wọn le, wọ́n ń na ẹnu sókè, ebi ń pa wọ́n. Nǹkan kan tú nínú àyà rẹ̀, ayọ̀ ni. Ó fò dìde, ó kọjú sí ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ kígbe:

"Ìyá Ilé! Ìyá Ilé, wá wò wọ́n! Wọn ò kú!"

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló yọjú, ìfófòó ọṣẹ lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ló tó dùn ún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún láàárọ̀ ọjọ́ náà.