Obìnrin Tó Ń Wá Ọkọ Rẹ̀ Létí Kànga

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, oorun ò sì kùn mí. Ọ̀sán gangan ni. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó pè mí.

Sẹ́kúrítì ni mí níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ condo, ilé gogoro alájàpọ̀, sí ní Richmond Hill, ní Kánádà níbí. Katakata ń gbẹ́ ilẹ̀ ló bá kan kànga àtijọ́, egungun èèyàn sì wà nínú ẹ̀. Ọlọ́pàá ní egungun náà ti pẹ́ jù fún àwọn láti wádìí. Ni wọ́n bá pe Auntie Rónkẹ́, ọmọ Ìbàdàn tó ń yẹ egungun wò ní yunifásítì.

Auntie ní ọkùnrin dúdú ni, pé ìka méjì ò sí lọ́wọ́ òsì ẹ̀. Wọ́n rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìlú àtijọ́: Samuel, tó sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà, tó wá ṣán igbó ibẹ̀ dáko nígbà tí ò tíì sí ọ̀nà. Ìwé náà ní ó já ìyàwó àtọmọ mẹ́ta sílẹ̀, ó sá lọ.

Auntie rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò sá lọ o. Wọ́n fọ́ ọ lórí látẹ̀yìn ni."

Lọ́jọ́ kejì, Auntie lọ jẹun, ó ku èmi nìkan. Snow ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo rí obìnrin dúdú kan létí kànga, aṣọ fẹ́lẹ́ ló wọ̀. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi, mo nà án sí i. Kò gbà á.

Ó bi mí jẹ́jẹ́, ní Gẹ̀ẹ́sì, bóyá a ti rí ọkọ òun.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ ohun tó mú mi dáhùn. "A ti rí wọn, mà. Wọn ò já yín sílẹ̀."

Ó jókòó sórí snow, ó sunkún bí ẹni tó ti ń gbé e mì tipẹ́. Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò rántí bẹ̀rù. Ìgbà tó dìde ni mo rí i pé ibi tó jókòó sí ò tẹ̀ rárá.

Ó ní, "Ta ló pa á?"

Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo ní a máa wádìí ẹ̀. Ó mi orí pé òun gbọ́, mi ò sì rí i mọ́.

Nígbà tí mo sọ fún Auntie, wọn ò fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ojú ìwé tí orúkọ ẹni tó gba ilẹ̀ náà lẹ́yìn Samuel wà, omi ti bà á jẹ́, kò ṣeé kà, a ò sì lè mọ ẹni tó pa á.

Wọ́n ti sin egungun, wọ́n ti da kọnkéré sí kànga. Mo ti kó lọ sí Oshawa, ìlú míì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí wíńdò, obìnrin náà dúró lójú títì, ó ń wò mí. Kò bínú. Ó ń dúró ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ àtijọ́ níbí, tí ẹnikẹ́ni bá béèrè èèyàn ẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ má ṣèlérí.