Ẹ̀rọ Oníhò Méje Ọlápọ̀sí

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Ọlápọ̀sí kí ó tó dá yàrá sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ìdílé apẹja ni wọ́n ti bí i, létí ọ̀sà ní Bàrígà, níbi tí ọmọ mẹ́sàn-án ti ń sùn lórí ẹní méjì, tí ẹni tó bá dìde lọ mu omi kò sì ní bá àyè rẹ̀ mọ́. Nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ ìwé gígé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ilé ọ̀gá rẹ̀ ló ń gbé, òun àti ọmọṣẹ́ mẹ́rin. Nítorí náà, ọjọ́ tó rí yàrá kan gbà nílé alájà kan ní Pedro, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ògiri bí ẹni ń wo sinimá.

Ohun tó dùn mọ́ ọn jù ni pé nǹkan kì í kúrò níbi tó bá gbé e sí. Lọ́jọ́ kan, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹran kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú abọ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé tó rí i pé ẹran náà ṣì wà níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Kò tiẹ̀ bìkítà pé ẹran náà ti ń rùn.

Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà nílé náà ni ilé ìdáná. Ẹ̀yìnkùlé ló wà. Sítóòfù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ sì ju sítóòfù lọ. Ọjọ́ tí Ọlápọ̀sí kọ́kọ́ gbé ìkòkò ẹ̀wà lọ síbẹ̀, Ìyá Faridah, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá Ọlápọ̀sí, wọn kì í ro ẹ̀wà báyìí."

Ó bá a rò ó. Ẹlòmíràn fi iyọ̀ sí i. Ẹlòmíràn tí kò mọ̀ pé wọ́n ti fi iyọ̀ sí i tún fi tirẹ̀ sí i. Ẹnì kan ní ata rẹ̀ kò tó. Ẹnì kan ní àìníyàwó Ọlápọ̀sí gan-an ni kò jẹ́ kí ẹ̀wà náà tètè rọ̀. Nígbà tí ìkòkò náà fi padà sí yàrá, ẹ̀wà gbogbo ilé ni, kì í ṣe ti Ọlápọ̀sí mọ́. Ó jẹ ẹ́, ó mu omi ife mẹ́rin lé e, ó sì búra pé inú yàrá lòun yóò ti máa dáná.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ. Kẹ́tù oníná ló kọ́kọ́ rà. Inú rẹ̀ ló ti ń se tíì, inú rẹ̀ náà ló sì ti se ẹja aláta lọ́jọ́ Àìkú kan. Ọjọ́ kejì ni pásítọ̀ ìjọ rẹ̀ yà wá kí i, Ọlápọ̀sí sì fún un ní tíì. Pásítọ̀ mu ẹnu kan, ó gbé ife sílẹ̀, ó gba àdúrà gígùn fún un, kò sì tún ya ibẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn kẹ́tù, ó ra bùléńdà. Lẹ́yìn bùléńdà, ó ra ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta tòkunbọ̀ ní Bàrígà. Ẹ̀rọ náà rí róbótó, ó ní ihò méje nínú, ìdérí rẹ̀ sì mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ẹni tó ń tà á kò mọ ohun tó ń ṣe.

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà gbé e lọ," ló wí. "Ohunkóhun tó bá ṣe, tiyín ni."

Nígbà tó délé ló wo ihò rẹ̀ tó mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se ẹyin ni. Èèyàn á bu omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, á to ẹyin méje sínú ihò méje, omi á hó títí á fi gbẹ, ẹ̀rọ á sì ké bí òròmọdìyẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹyin ti jinná nìyẹn. Ọlápọ̀sí fẹ́ràn ẹ̀rọ náà débi pé ó jẹ ẹyin fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko.

Lálẹ́ ọjọ́ kọkànlá náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù. Rebecca lorúkọ rẹ̀. Òun ló tọ́ Ọlápọ̀sí dàgbà, ẹja yíyan ló sì ń tà létí ọ̀sà. Ó ti pẹ́ tó ti ń yẹ inú ẹja wò, débi pé bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ó ń ṣe èèyàn bíi pé ó ń yẹ inú òun náà wò.

"Kí lo jẹ lónìí?"

"Ẹyin ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Lánàá ńkọ́?"

"Ẹyin."

"Níjẹta?"

"Tìjẹta yàtọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi iyọ̀ sí i."

Rebecca mí kanlẹ̀. "Ó tó bẹ́ẹ̀. Lazarus ń bọ̀ wá bá ọ gbé. Òun á máa se oúnjẹ fún ọ."

Ọmọ àbúrò bàbá wọn ni Lazarus. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, iṣẹ́ fókánáísà ló ń ṣe ní Akoka, ọ̀dọ̀ Rebecca ló sì ń gbé láti ọdún mẹ́ta. Lóòótọ́ ni pé ó mọ pupuru rò, àmọ́ òun náà ló ń jẹ ẹ́ tán kó tó kúrò lórí iná. Bó bá ń hanrun, abọ́ ń gbọ̀n lórí pẹpẹ. Aṣọ ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù lọ ló ń wọ̀. Ọlápọ̀sí wo yàrá rẹ̀ yíká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà mọ oúnjẹ sè o."

"Kí lo mọ̀ ọ́n sè?"

Ẹ̀rù ló sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. "Mọ́ínmọ́ín."

Rebecca rẹ́rìn-ín títí Ọlápọ̀sí fi gbé fóònù jìnnà sétí. "Ó dáa. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, aago méjìlá. Bó bá dì, tó sì dùn, máa dá gbé yàrá rẹ. Bí kò bá dì, Lazarus á ti gbé ẹní dání."

Ọlápọ̀sí kò ní ààrò, kò ní ìkòkò tó ṣeé fi ṣògo, kò sì ní padà sí ilé ìdáná yẹn láéláé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó lè fi ooru mú nǹkan dì nínú yàrá rẹ̀ ni ẹ̀rọ oníhò méje. Ihò rẹ̀ kò gba ewé, kò gba agolo. Ẹyin nìkan ló gbà. Ọlápọ̀sí jókòó tì í, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ lọ sínú garawa ìdọ̀tí, tí èèpo ẹyin ọjọ́ mọ́kànlá kún inú rẹ̀.

Ọwọ́ Ọlápọ̀sí kì í ṣe ọwọ́ lásán. Bó bá gé ẹgbẹ̀rún káàdì nílé ìtẹ̀wé, ọ̀kan kò ní fi fífẹ̀ irun orí ju èkejì lọ. Ó ra ẹyin tuntun, ó fi ọ̀bẹ ìgéwèé gé orí ẹyin kọ̀ọ̀kan róbótó, ó da inú rẹ̀ sí abọ́, ó fọ èèpo, ó sì sá a sójú fèrèsé. Nígbà tó fi di ọjọ́rú, èèpo ẹyin ti tò lọ rẹrẹ níbẹ̀. Ìyá Faridah dúró wò wọ́n.

"Bọ̀dá Ọlápọ̀sí, ṣé ẹ ti ń sin adìyẹ ni?"

"Rárá o, Ìyá Faridah."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Torí adìyẹ tó bá yé tó báyìí, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi."

Lọ́jọ́rú yẹn náà ló dán an wò. Ó rọ ẹ̀wà lílọ̀ kún àwọn èèpo náà dẹ́nu. Mọ́ínmọ́ín wú, ó yọrí síta, orí ọ̀kan gbá tèkejì mú, bẹ́ẹ̀ ni Ọlápọ̀sí ṣe ní mọ́ínmọ́ín kan ṣoṣo tó ní ẹsẹ̀ méje. Lọ́jọ́bọ̀, ó rí i pé abẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ ife kékeré tó bá ẹ̀rọ náà wá, èyí tí wọ́n fi ń wọn omi, wọ́n sì ya àwòrán ẹyin tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún síbẹ̀. Onígbọràn èèyàn ni. Ó gún èèpo méjèèje nídìí, mọ́ínmọ́ín sì ṣàn jáde lọ síbi tó wù ú. Lọ́jọ́ ẹtì, ó rọ ọ́ dé ìlàjì, kò gún nǹkan kan, ó sì dì. Ọlápọ̀sí jó díẹ̀, jẹ́jẹ́, nítorí àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀.

Nǹkan kan ló kù tó ń bà á lẹ́rù. Wáyà ilé náà ti gbó. Bí ohun gbígbóná méjì bá wà lórí iná lẹ́ẹ̀kan náà, fíúsì á jó, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Nítorí náà, Bàbá Ikúmápàyí, onílé, máa ń jókòó sí kọ́rídọ̀ lórí àga. Ẹni tó bá fẹ́ lo áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tù gbọ́dọ̀ sọ fún un, kó sì dúró títí yóò fi kàn án. Bàbá kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kì í sì í gbàgbé.

Láàárọ̀ Sátidé, áyọ́ọ̀nù Ìyá Faridah ló wà lórí iná. Ó lọ aṣọ ilé ìwé, ó lọ ìbòrí, ó lọ aṣọ fèrèsé. Ọlápọ̀sí dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wà lílọ̀ lọ́wọ́, ó ń wo áyọ́ọ̀nù náà bí ọlọ́pàá. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ló tó kàn án. Bí ẹ̀rọ ṣe ké, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Rebecca ló wọlé. Lazarus tẹ̀lé e, ẹní lórí, ìrọ̀rí lábẹ́ apá, báàgì lẹ́yìn.

"Ẹ ní kí mọ́ínmọ́ín dì ná, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọlápọ̀sí wí.

"Èèyàn a máa múra sílẹ̀," ni Rebecca dáhùn. "Gbé e wá."

Ọlápọ̀sí yí ẹ̀yìn sí wọn, ó dojú àwọn èèpo náà dé sínú àwo, ó sì gbé e wá. Rebecca wo àwo náà, ó wo àbúrò rẹ̀, ó tún wo àwo.

"Ọlápọ̀sí."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹyin rèé."

"Ẹ bó o wò, ẹ̀gbọ́n mi."

Rebecca bó o bí ẹni tí kò ní pẹ́ bínú. Èèpo ṣí. Mọ́ínmọ́ín pupa ló wà nínú rẹ̀, ó dì, ó ń dán, ẹja yíyan tí òun fúnra rẹ̀ tà sì wà láàárín rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó mú òmíràn. Lazarus kò rí bí wọ́n ṣe ń bó o. Odidi kan ló sọ sẹ́nu, ó ń run ún wọ́mú-wọ́mú.

"Ó dùn," ló wí. "Àmọ́ egungun rẹ̀ pọ̀."

Lazarus wá bó mẹ́rin tó kù, ó jẹ wọ́n tán. Rebecca nu ọwọ́. "Ọlápọ̀sí, ó dì. Ó sì dùn ju tèmi lọ." Ara Ọlápọ̀sí rọ̀. "Nítorí náà, Lazarus, tẹ́ ẹní rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ ní bó bá dì..."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo rò pé o ò lè sè é. Ní báyìí tó o lè bọ́ èèyàn, ta ni kí n tún gbé e fún? Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń bọ́ Lazarus. Ó rẹ̀ mí."

Lazarus tẹ́ ẹní láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi ìrọ̀rí sí i, ó nà gbalaja, ó sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó kù?"

Ọlápọ̀sí wò ó. Ó wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí tábìlì, ó fi ojú ka ihò rẹ̀, méje ni. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

"Ó kù. Máa dúró."

Ó jáde lọ sọ fún Bàbá Ikúmápàyí. Bàbá ní Àjàlá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ti gbé omi kaná, kó dúró. Wọ́n dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó kàn wọ́n, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ó ké, mọ́ínmọ́ín méje jáde. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa nígbà tí Lazarus bó ti àkọ́kọ́ kò ní tíì dé ibi oúnjẹ òòjọ́ kí àwo tó ṣófo.

"Ó kù?"

"Ó kù. Àmọ́ iná ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Lazarus dìde jókòó. "Ẹ̀rọ yìí, ṣé kò ní ẹ̀gbọ́n ni?"

"Kò ní. Òun nìkan ni wọ́n bí."

"Kí la máa jẹ nírọ̀lẹ́?"

"Méje."

"Lọ́la ńkọ́?"

"Bí a bá rí iná lò, méje. Tèmi mẹ́ta wà nínú rẹ̀ o."

Lazarus fi ìka ṣírò, ó tún un ṣírò, ó sì dìde lọ bá onílé fúnra rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kọ́rídọ̀ bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ìdáhùn Bàbá Ikúmápàyí kedere.

"Arákùnrin, nínú ilé yìí, ebi náà ń tò sórí ìlà."

Nígbà tó wọlé padà, kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ká ẹní.

"Kí lò ń ṣe?" ni Rebecca béèrè.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Mo ti ń rò ó látàárọ̀ ni, kò dáa kí ẹ máa dá gbé."

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò lè dá gbé?"

"Mo mọ̀ ọ́n lára yín, ẹ kì í sọ ọ́ jáde ni," ni Lazarus wí, ó sì gbé ẹní lórí.

Rebecca yíjú sí àbúrò rẹ̀, tó ń fara balẹ̀ wo ògiri. "Ìwọ mọ̀ọ́mọ̀ ra ẹ̀rọ yìí ni."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe nígbà tí mo rà á."

"Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wàá gbé mẹ́rìnlá wá fún mi ní Bàrígà. Má bó o. Mo fẹ́ kí àwọn alájọtà mi rò pé ẹyin ni."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọlápọ̀sí dáhùn, ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn kí gbólóhùn náà tó tán.

Ó gbọ́ ohùn wọn títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ dé ìta, tí Rebecca ń béèrè lọ́wọ́ Lazarus bóyá kò ní ọ̀rẹ́ kankan tó ní ìkòkò ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn, yàrá dákẹ́. Bàbá Ikúmápàyí pè láti kọ́rídọ̀ pé ó ti kàn án. Ọlápọ̀sí, tí kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti òwúrọ̀, rọ ẹ̀wà tó kù sínú èèpo méje, ó tò wọ́n sínú ihò, ó jókòó tì wọ́n títí ẹ̀rọ fi ké. Ó bó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ méjèèje. Kò fi ìkankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè.