Ejò Ọrùn Ọwọ́ Tósìn

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ ìrántí ìyàwó mi, Àbẹ̀kẹ́. Ejò ló wọ apartment mi ní Fondren lókè òkun níbí. Ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé, ó tún kí mi.

Tósìn, ọmọ ọmọ mi, ló gbé e wá láti Sugar Land. Ó kúnlẹ̀, mo sì rí i: wọ́n ti fín ejò yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká, ejò náà sì fi eyín di ìrù ara rẹ̀ mú.

Ọmọ tó fẹ́ ka Bíbélì níbi ìrántí ìyá àgbà rẹ̀! Mo ní kò ní kà á. Mo pe Wòlíì Káyọ̀dé ìjọ wa, wọ́n ní ká gbààwẹ̀. Èmi tí dókítà ní kí n má fi oúnjẹ ṣeré, mo gbààwẹ̀ nítorí ejò tí kò lè bu ẹnikẹ́ni jẹ.

Bí Wòlíì ṣe wá ń gbàdúrà lọ́wọ́ nílé mi ni Fúnmi, ìyá Tósìn, tibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé. Tósìn wo àyà ìyá rẹ̀, ó ní, "Grandpa, kí ló wà lórí báàjì Mummy?"

Kí ló wà níbẹ̀? Ejò tó lọ́ mọ́ ọ̀pá. Báàjì tí a fi ṣe ìdúpẹ́, tí Wòlíì fúnra wọn ta òróró sí! Wòlíì ní ìyẹn yàtọ̀, ti ìwòsàn ni.

Mo ní, "Tiẹ̀ ńkọ́, Tósìn?"

Ó fi gẹ̀ẹ́sì lú Yorùbá ṣàlàyé. Ó ní àwọn ará ilẹ̀ olótùútù kan láyé àtijọ́ gbà pé ejò kan wà nínú òkun, ó yí gbogbo ayé po, ó di ìrù ara rẹ̀ mú. Wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ju ìrù sílẹ̀, ayé bàjẹ́. Ejò mìíràn wà tó ń gé gbòǹgbò igi tó gbé ayé dúró jẹ.

"Agégbòǹgbò kọ́ ni mo fín o, Grandpa. Grandma ló di ìrù mú nílé yìí. Látìgbà tí wọ́n ti lọ, ta ló ń pe ẹnikẹ́ni?"

Òótọ́ ló sọ. Látìgbà ìsìnkú, n kò gbóhùn àwọn ọmọ mi, Dàpọ̀ ní Dallas àti Bísí ní Ìbàdàn. Àbẹ̀kẹ́ kì í jẹ́ kí Sunday kọjá láìpè wọ́n, bó tiẹ̀ jẹ́ èébú ló fẹ́ bú wọn.

Tósìn ka Bíbélì náà níbi ìrántí. Ó fẹ́ fa ọwọ́ aṣọ bo ejò, mo ní kó fi í sílẹ̀ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kéèyàn tó lé ejò, kó kọ́kọ́ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Èmi ni mo ń pè wọ́n báyìí ní Sunday. Eyín ẹnu mi kò pọ̀ mọ́, èyí tó kù ni mo fi di ìrù náà mú.

Nílé tiyín ńkọ́, ta ló di í mú? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Bó bá ti lọ, ẹ ṣáà kọ orúkọ rẹ̀. N kì í gbàgbé orúkọ.